Ìkòkò Aró àti Ìwé Àdéhùn: Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ọmọ Iléèwé Wa ní Ọ̀rọ̀ Ojú Ọjọ́

(Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́ àti òbí sọ ní Òṣogbo nìyí. Mo yọ àwàdà kan tàbí méjì tí kò lè yé ẹni tí kò sí níbẹ̀ kúrò. Ìyókù wà bí mo ṣe sọ ọ́.)

Ẹ̀yin ọ̀gá àgbà iléèwé, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ìyá àti bàbá tí ẹ fi ọjà sílẹ̀ wá, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ jókòó sórí ẹní níwájú nítorí pé àga ò tó, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú ooru. Ẹni tó bá wọ aṣọ òkè wá síbí lónìí, Ọlọ́run á bá wa tù ú lára. Òṣogbo, ìlú aró! Ẹ ṣé, mo gbọ́ yín: aró dẹ̀dẹ̀ bí òkun.

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ayé bá ara wọn ṣe lórí ojú ọjọ́, irú èyí tí wọ́n ṣe ní Paris, àti bí a ṣe lè fi kọ́ ọmọ títí tí ọmọ náà fi máa ṣe nǹkan kan sí i ní iléèwé. Nígbà tí ìwé ìpè yìí tẹ̀ mí lọ́wọ́, olùkọ́ kan tí mo fẹ́ràn rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá, ọmọ tí kò tíì rí àga jókòó, òun lẹ fẹ́ máa kọ́ ní ohun tí wọ́n sọ ní Paris?" Mi ò bá a jà, torí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nídìí. Mo kàn bi í pé: "Ta ló kọ́kọ́ bá odò àti igbó ṣàdéhùn, Paris ni àbí Òṣogbo?" Ó wò mí. Ẹ̀yin náà ń wò mí. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Àdéhùn tó wà nílé

Ẹ̀yin ọmọ onílùú mọ ìtàn yìí jù mí lọ. Olárooyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kúrò ní Ìpólé, omi ni wọ́n ń wá. Wọ́n dé etí odò Ọ̀ṣun, ibẹ̀ wù wọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi. Igi kan wó sínú omi. Ohùn kan ké láti inú odò: "Oṣó inú igbó, ẹ pẹ̀lẹ́ o, gbogbo ìkòkò aró mi lẹ ti fọ́ tán!"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbọ́. Àjèjì dé, ó gé igi, igi fọ́ ìkòkò ẹni tó bá nílẹ̀. Ẹjọ́ àyíká àkọ́kọ́ ní ìlú yìí nìyẹn, wọ́n sì ti dá a kí ilé kankan tó dúró. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀, wọ́n jọ pín in. Àwọn ènìyàn sún kúrò létí omi, wọ́n gba òkè lọ. Wọ́n fi igbó kan sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé igi rẹ̀, tí wọn ò gbọdọ̀ ṣọdẹ níbẹ̀, tí wọn ò gbọdọ̀ pẹja nínú omi rẹ̀. Odò náà ṣe ìlérí tirẹ̀. Ọba gbé ẹbọ dé etí omi, ẹja jáde, ọba tẹ́wọ́ gbà á. Atẹ́wọ́gbẹja. Àtáọ́ja. Ṣé ẹ rí i? Orúkọ oyè ọba wa gan-an ni ìbọwọ́lùwé náà. Mi ò mọ ìlú mìíràn tó fi orúkọ ọba rẹ̀ ṣe rìsíìtì.

Mo rí àwọn tó ti ń mira lórí àga. "Ṣé ẹbọ lẹ fẹ́ ká máa kọ́ ọmọ ni?" Rárá o. Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ipò kejì tàbí ìkẹta ni mo máa ń dúró sí ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò mi. Ìtàn ìlú ni mò ń sọ. A ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọmọ wa nípa Mungo Park tó wá wo odò àwọn ẹlòmíì. Tìmẹ́hìn náà ò burú.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé nǹkan méjì wà nínú àdéhùn yìí tí ẹ ó tún bá pàdé ní òkè òkun. Àkọ́kọ́, wọn ò ṣe é lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n gbàgbé rẹ̀. Lọ́dọọdún, nínú oṣù kẹjọ, wọ́n ń padà sídìí odò. Ìkejì, wọ́n ti dà á rí. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n gé igi lára igbó náà, wọ́n gbin tíìkì síbẹ̀, àwọn kan ń ṣọdẹ, àwọn kan ń pẹja. Obìnrin kan tó ti Austria wá, Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà àti àwọn bíríkìlà ìlú yìí, ló dìde sí i. Ní 1965, ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìní orílẹ̀-èdè. Ní 2005, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, hẹ́kítà 75. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni lónìí, àwọn tó ń wa wúrà lápá Ìjẹ̀ṣà ń da ẹrẹ̀ sínú omi tó ń ṣàn bọ̀ wá bá wa. Ẹ dúró sórí afárá kí ẹ wò ó: omi ti pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Àdéhùn náà ò kú, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò yá.

Àdéhùn tó wà lókè òkun

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wọkọ̀ òfuurufú.

Ní 1992, ní Rio de Janeiro ní Brazil, àwọn orílẹ̀-èdè jókòó, wọ́n gbà pé èéfín tí ọmọ ènìyàn ń tú sókè ń mú ayé gbóná. Wọ́n gbà pé ẹrù kan náà ni gbogbo wa jọ ń gbé, ṣùgbọ́n ọrùn tó ń rù ú kò nípọn bákan náà, torí náà kí ẹni tó ti jẹun pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí gbé èyí tó wúwo. Wọ́n ní àwọn á máa pàdé lọ́dọọdún. Berlin ni wọ́n ti ṣe ìpàdé àkọ́kọ́, ní 1995.

Ní 1997, wọ́n dé Kyoto ní Japan, wọ́n bu iṣẹ́ fún àwọn orílẹ̀-èdè ọlọ́rọ̀, bí ìgbà tí àdúgbò bá bu owó fún ilé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní kí wọ́n jọ dín èéfín wọn kù, ó kéré tán pẹ̀lú 5 nínú ọgọ́rùn-ún sí bó ṣe wà ní 1990, kó sì wáyé láàárín 2008 sí 2012. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe akọ̀wé àdúgbò rí, ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Tiransifọ́mà bá jó. Ẹ bu owó fún ilé kọ̀ọ̀kan. Opó tó ń ta àkàrà san tirẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní ẹ́ṣíì mẹ́fà ní òun ò bá yín ṣe. Bí Kyoto ṣe rí gan-an nìyẹn. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i lọ́hùn-ún, ó délé, ó ní òun ò ṣe mọ́. Kánádà gbà á, ṣùgbọ́n ó kéde ní 2011 pé òun ń jáde.

Nígbà tí wọ́n dé Paris ní oṣù kejìlá ọdún 2015, wọ́n yí ọgbọ́n padà. Wọn ò bu owó fún ẹnikẹ́ni mọ́. Kí kálukú dìde fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó máa ṣe. Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì mọ ọjọ́ ìkórè. Àwa náà ní ìfilọ́lẹ̀ mọ́ṣáláṣí. Alága dìde, ó ní mílíọ̀nù kan, wọ́n lùlù fún un. Ohun tí gbogbo wọn jọ fẹnu kò sí ni pé kí ooru ayé má fi ìwọ̀n 2 ju bó ṣe wà kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó dé, kó tilẹ̀ dín sí i dáadáa, kí wọ́n sì sapá kó má kọjá 1.5. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún márùn-ún, kálukú á tún dìde, á fi kún èyí tó sọ tẹ́lẹ̀. Nàìjíríà náà dìde. Nínú ìlérí tí a ṣe ní 2021, a ní títí di 2030, a ó dín 20 kù nínú ọgọ́rùn-ún èéfín tí à bá tú síta, tó bá jẹ́ agbára wa nìkan. Tí wọ́n bá ràn wá lọ́wọ́, 47. Ní ìpàdé ọdọọdún tí wọ́n ṣe ní Glasgow ní 2021, Ààrẹ Buhari tún fi kún un pé tó bá fi máa di 2060, èéfín tí a ń tú síta kò ní ju èyí tí a ń mú kúrò lójú òfuurufú lọ.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní èyí, ọmọbìnrin kan nawọ́. Ó ní, "Sà, ta ló ń fìyà jẹ ẹni tó bá da àdéhùn yìí?"

Mo ní kò sí ọlọ́pàá níbẹ̀. Kò sí kóòtù tó máa ti Amẹ́ríkà mọ́lé. Amẹ́ríkà tiẹ̀ jáde ní 2020, ó padà wọlé ní 2021, ó tún kéde nínú oṣù kìíní ọdún 2025 pé òun ń lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ìṣirò. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ ohun tó ṣe sílẹ̀ kí gbogbo ayé kà á. Ní 2023 ní Dubai, wọ́n ka àpapọ̀ rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n ti ṣe kò tó. Mo ní ìtìjú ni ìyà rẹ̀, bí ìgbà tí akọ̀wé mọ́ṣáláṣí bá ka orúkọ alága olówó mílíọ̀nù kan lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé kò tíì mú kọ́bọ̀ wá.

Ó jókòó. Ó tún nawọ́. "Sà, ẹni tí ojú kì í tì ńkọ́?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mi ò rí èsì fún un. Mo ti wá a ní gbogbo ọ̀nà láti ọjọ́ náà. Ohun tí mo lè sọ fún yín ni pé ìbéèrè méjì yẹn ju gbogbo nóòtì tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta kọ sójú pátákó lọ. Olùkọ́ tí kò bá fẹ́ kí ọmọ bi òun ní ìbéèrè kejì, kó má wulẹ̀ kọ́ wọn ní ti àkọ́kọ́.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un kí n tó kúrò níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ rò pé òun lòun ba ayé jẹ́. Gbogbo Áfíríkà pátá, bí 4 nínú ọgọ́rùn-ún èéfín kábọ̀n ayé ni ipa wa. Àkúnya omi ọdún 2022 pa ènìyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó lé mílíọ̀nù kan àti àbọ̀ dín díẹ̀ kúrò nílé. Nínú ọdún yẹn kan náà, ní Íjíbítì, ni àwọn ọlọ́rọ̀ tó gbà pé kí àpò kan wà fún ẹni tí ojú ọjọ́ bá bà lóhun ìní jẹ́. Ọgbọ̀n ọdún gbáko lẹ́yìn Rio! Ẹ kọ́ ọmọ ní èyí náà. Ọmọ tó bá rò pé ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí òun jù sílẹ̀ ló ń yọ́ yìnyín ayé máa sọ̀rètí nù, tàbí kó máa purọ́ fún yín.

Àdéhùn tó wà lẹ́yìn fíríìjì

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé gbogbo rẹ̀ ẹnu lásán ni. Tí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, mo máa ń rán wọn lọ sẹ́yìn fíríìjì.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1987, ní Montreal ní Kánádà, wọ́n ṣe àdéhùn lórí gáàsì kan tó ń bẹ nínú fíríìjì, ẹ́ṣíì àti agolo lọ́fínńdà. Gáàsì yìí ń dá ihò sí ìbòrí òsónù tó ń gba oró oòrùn dúró fún wa lókè. Gbogbo orílẹ̀-èdè ló padà wá bọwọ́ lù ú, kò ku ẹyọ kan. Wọ́n sì ṣe é! Òsónù ń san díẹ̀díẹ̀. Ẹ bi àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe, wọ́n á sọ fún yín pé R12, ọ̀kan lára irú gáàsì yẹn, ni wọ́n ń rọ nígbà tí wọ́n wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́, pé ó ti tán lọ́jà, pé R134a ló rọ́pò rẹ̀. R134a kò pa òsónù lára. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyẹn náà: ó ń mú ayé gbóná ju èéfín kábọ̀n lọ ní ìlọ́po tó lé ní 1,000. Ni wọ́n bá tún jókòó ní Kigali ní Rwanda ní 2016, wọ́n ní kí òun náà máa rọra lọ. Èyí tó ń wọlé báyìí ni R600a.

Mo ní kí àwọn ọmọ mi lọ wo ẹ̀yìn fíríìjì ilé wọn àti ti ìyá tó ń ta omi tútù ládùúgbò, kí wọ́n ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kejì, kíláàsì dà bí ọjà. "Tiwa R134a!" "Tiwa tuntun ni, R600a!" Ọmọ kan ní tiwọn tokunbọ̀ ni, èdè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe Òyìnbó, ṣùgbọ́n òun da R12 mọ̀. Fíríìjì tí àwọn kan ò fẹ́ mọ́ nílé wọn, wọ́n kó o wá fún wa. Mi ò ṣàlàyé mọ́. Ọmọ yẹn ti ṣàlàyé àdéhùn, ó ti ṣàlàyé ẹni tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí lẹ́yìnkùlé. Ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án sì bọ́ sí ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sáà kìíní. Ẹ̀kọ́ tí kò ná wa ní kọ́bọ̀ nìyẹn.

Ìpàdé àgbáyé nínú kíláàsì

Bóyá ẹ ò mọ̀ pé orúkọ yín wà nínú ìwé Paris. Ẹsẹ̀ kejìlá ìwé náà sọ pé kí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti kọ́ ènìyàn ní ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́. Ẹ̀yin ni wọ́n ń sọ.

Mo pín kíláàsì sí Nàìjíríà, Amẹ́ríkà, Ṣáínà, Íńdíà, Saudi Arabia, àti Tuvalu, erékùṣù tíńtín kan nínú òkun Pásífíìkì tí ilẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má ga ju omi lọ. Òfin ìpàdé àgbáyé ni mo fún wọn: kò sí ìbò dídì, gbogbo yín gbọ́dọ̀ gbà. Mo fi Tuvalu fún ọmọkùnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀, mo rò pé mo ṣàánú rẹ̀ ni. Wọ́n jiyàn lórí owó fún ogún ìṣẹ́jú. Ọmọ yìí dìde, ó gun orí tábìlì, ó ká ẹsẹ̀ sókè. Ó ní, "Ẹ máa bá a lọ. Omi ti wọ yàrá mi." Kò sọ̀kalẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n fi súìtì lọ̀ ọ́. Aago oúnjẹ lù, ẹnikẹ́ni ò jáde.

Olùkọ́ Yorùbá, iṣẹ́ tìrẹ rèé. Ní Glasgow, wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé kí ayé máa gbé ìgbésẹ̀ láti fi èédú sílẹ̀. Ní wákàtí tó kẹ́yìn, Íńdíà ní àwọn ò gbà, kí wọ́n kọ "dín kù". Wọ́n kọ "dín kù". Alága ìpàdé náà, Alok Sharma, tọrọ àforíjì níwájú gbogbo ayé, omi sì lé sí i lójú. Lórí ọ̀rọ̀ kan! Ẹ kọ gbólóhùn méjèèjì sójú pátákó, kí ẹ bi ọmọ pé: tí bàbá tó ń mu sìgá bá ní "mo máa dín in kù", kí ni ìyá gbọ́? Tó bá ní "mo ti fi sílẹ̀" ńkọ́? Ẹ ó rí i bí gírámà ṣe máa dùn mọ́ wọn lẹ́nu.

Iṣẹ́ ní iléèwé

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń bí mi nínú. Iléèwé kan wà tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà tíí ṣe Ọjọ́ Àyíká Àgbáyé, àlejò pàtàkì á dé, kámẹ́rà á dé, a ó gbin igi. Ọdún kẹta ni mo tó kíyè sí i pé inú ihò kan náà la ń gbìn ín sí. Ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ yẹn mọ ọjọ́ àyíká ju kọmíṣọ́nnà lọ.

Nígbà tí mo dé iléèwé mìíràn, mo bẹ ọ̀gá àgbà pé ká má gbin nǹkan kan lọ́dún yẹn. Ká kọ àdéhùn. Àwọn ọmọ ló kọ ọ́, lórí káádíbọ́ọ̀dù, lẹ́yìn ìjà ọjọ́ méjì. Wọ́n ní àwọn á kó gọ́tà ẹ̀yìn kíláàsì kí òjò àkọ́kọ́ tó dé, torí omi rẹ̀ ló ń ṣàn lọ bá àwọn ará Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dáná sun pàǹtírí mọ́, kí wọ́n máa kó ọ̀rá píọ̀ wọ́tà jọ fún àwọn tó ń rà á. Igi márùn-ún péré, kíláàsì kan sí igi kan, pẹ̀lú ọgbà ẹ̀gún nítorí ẹni tí a mọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ ọ́ pé jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì ò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ lójúmọ́. Yàrá pa lọ́lọ́. Gbogbo wa wo ọ̀gá àgbà. Bàbá náà wò wọ́n títí, ó bọwọ́ lù ú. Ọ̀gá ẹnubodè bọwọ́ lù ú. Ìyá olóúnjẹ tẹ̀ka sí i.

Wọ́n fi ike omi tí wọ́n gé lórí àti rúlà ṣe ohun tí wọ́n fi ń wọn òjò. Ní àárọ̀ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú, ọmọ kan á lọ wò ó, á kọ ọ́ sínú ìwé tí a so mọ́ ilẹ̀kùn. Àwọn mìíràn fojú kéré èyí. Mo fẹ́ràn rẹ̀ jùlọ. Àgbẹ̀ kòkó ń sọ fún wa pé òjò ò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó yẹ kí ẹnì kan nínú ìlú wà tó ní ìwé lọ́wọ́ tó lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Nígbà tí ọdún yí, a pe gbogbo iléèwé jọ, ọmọbìnrin tó bi mí ní ìbéèrè méjì lọ́jọ́sí ló ka káádíbọ́ọ̀dù náà. Ó ti dé SS3 nígbà náà. Gọ́tà: a ṣe é. Pàǹtírí: a ṣe é títí di oṣù kejì, a sì gbàgbé. Igi: mẹ́ta yè nínú márùn-ún. Jẹnẹrétọ̀. Ó dákẹ́. Ó wo ọ̀gá àgbà. Bàbá náà dìde fúnra rẹ̀, ó gba máákà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ níwájú gbogbo wọn pé "A ò ṣe é," ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ ṣeun. Mo rí ọwọ́ méjì lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Ẹ jẹ́ kí màmá tó dé fìlà kọ́kọ́ bèèrè.